“Gbogbo ẹ̀, sà”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ lónìí: bí a ṣe ń yan ìbéèrè, bí a ṣe ń wá ìwé, àti bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ rèé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní yunifásítì ló fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí: “Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá material lórí ogun Kírìjì. Ọ̀la la máa fi sílẹ̀.” Mo bi í pé kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ogun náà. Ó ní, “Gbogbo ẹ̀, sà.”

Ogun tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógún jà, láti 1877 títí di 1893! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé èmi àti “gbogbo ẹ̀” ò jọ jẹun rí. Ẹni tó ní gbogbo ẹ̀ lòun ń wá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan. Wọ́n sì ń ta “gbogbo ẹ̀” lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́: wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í, orúkọ rẹ nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n bi ara rẹ pé: àwọn wo ló ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ láti Èkó sí Èkìtìparapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn jà? Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn á gbé ọ dé ìwé tí òpìtàn Akíntóyè gbé jáde ní 1971, á tì ọ́ dé National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, wàá sì kan Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá. Ẹ fura sí Johnson o! Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun ọ̀hún. Bíi bàbá mi ni kí ẹ ṣe: tísà ni, bí o bá ní òjò rọ̀ l'Óṣogbo, á ní ta ló sọ, níbo ló dúró sí, ṣé aṣọ rẹ̀ tutù? Ìyá mi kì í tilẹ̀ dá a lóhùn mọ́.

Ìwé Johnson náà ńkọ́? Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, òǹkọ̀wé kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, ó jáde ní 1921. Johnson wo gan-an lẹ wá ń dà kọ?

Àyè ọ̀rọ̀ kejì àti ẹ̀kẹta ti tán. Kò burú. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ló kù sí: lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fún wọn níṣẹ́, ẹ gba ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó má ju gbólóhùn kan lọ, kí ẹ sì fún un ní máàkì. Ẹni tí kò bá mú un wá, ẹ má gba iṣẹ́ rẹ̀.