Nígbà Tí Ara Bá Tètè Gbó

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣómólú àti Bàrígà! Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sọ ní gbangba pé àrùn éèdì ló pa Fẹlá, àbúrò òun, ẹni ọdún 58. Nígbà náà, ẹni tó bá ti rù ní àdúgbò wa, wọ́n á ní ó ti kú tán. Ní ọdún 2002 ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń bẹ láàyè tí wọ́n ń dàgbà.

Àmọ́ a ń rí nǹkan mìíràn. Arákùnrin tó ń lo oògùn déédéé, tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ń rìn bí ẹni ọgọ́rin. Ó ń rù láìgbààwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò di nǹkan mú gírígírí mọ́. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n: bí oògùn tilẹ̀ tẹ kòkòrò náà lórí ba, kì í jẹ́ kí ara sinmi, ara a sì tètè gbó. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kó má sì da oògùn nù!

Ẹ̀yin aṣíwájú àdúrà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó rẹ Èlíjà, oúnjẹ ni áńgẹ́lì gbé fún un, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló yẹ ẹ́. Kó sọ fún dókítà rẹ̀. NIMR ní Yábàá kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá jọ ń gbé ilé, ẹ bá a gbé kẹ́ẹ̀gì omi gòkè, ẹ má sì bi í ní ohun tó ń ṣe é.