Áàpù Ìdáná Tí Kò Mọ Ìyàtọ̀ Láàárín Omi àti Ìyẹ̀fun

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní sáà tó kọjá, mo gba owó ṣinṣín lọ́wọ́ àwọn ará kíláàsì wa mẹ́wàá. Gíráàmù ni wọ́n fi kọ ìlànà tí mo rí, bẹ́ẹ̀ n kò ní sikéèlì. Mo wa áàpù ìdáná kan tó ń yí òṣùwọ̀n padà sórí fóònù mi. Mo tẹ gíráàmù 500 ìyẹ̀fun sínú rẹ̀, ó ní ife 2 ó lé díẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo pò ó tán, kò yàtọ̀ sí ògì. Ẹ̀rù bà mí, mo ń bu ìyẹ̀fun lé e láìkà. Nígbà tí mo dín in, ó le bí òkúta. Mo dá owó olówó padà.

Ojú omi ni áàpù yẹn fi wo ìyẹ̀fun. Ife Amẹ́ríkà kan gba nǹkan bíi gíráàmù 237 omi, ṣùgbọ́n bí gíráàmù 125 ìyẹ̀fun ló ń gbà, àti 200 ṣúgà. Ife 4 ló yẹ kí n bù.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yan áàpù, ẹ má wo àwòrán aláràbarà. Ẹ bi í: ife ìyẹ̀fun kan jẹ́ gíráàmù mélòó? Ti ṣúgà ńkọ́? Bí ìdáhùn méjèèjì bá dọ́gba, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ tún wò ó bóyá ó sọ ife ìlú tó ń lò, torí mìlílítà 250 ni ife Australia.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn ìyá wa ò lo áàpù, oúnjẹ wọn sì ń dùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní òṣùwọ̀n: kóńgò, dérìcà, agolo mílíìkì. Ojú wọn mọ agolo wọn. Ẹni tó bá ń ra ìrẹsì lọ́jà mọ̀ pé kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọn ò lù, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé áàpù tó dára jù ni èyí tó bá gbà ká fi òṣùwọ̀n tiwa sí i. Mo yá sikéèlì, mo wọn ìyẹ̀fun àti ṣúgà dérìcà mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú èyí tí mo ń lò báyìí. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó mọ dérìcà mi.

Ẹ̀yin mẹ́wàá yẹn, ẹ padà wá. Ṣinṣín ti jinná.