Ẹni Tó Ń Pọ́n Ayùn Kì Í Ṣe Olè

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ariwo fi ta nílé agégi kan ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Òǹdó sí Oré. Àwọn ará àdúgbò kan rò pé olè ló wọlé. Àwọn mìíràn ní bóyá ìyàwó tuntun ni ọkọ fẹ́ gbé wọlé. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ìyàwó tuntun. Owó ìpọ́n ayùn ni tọkọtaya ń torí ẹ̀ jà.

Bàbá Ìbejì ló ni ẹ́ńjìnnì ìgégi, ìyẹn ayùn oníṣéènì tó ń fi pẹtiróòlù ṣiṣẹ́. Òun ló ń wọ igbó lọ gé igi lulẹ̀, tó sì ń la á sí pákó níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ló ń ta pákó náà létí títì. Owó tí ìyàwó bá rí lórí pákó ni wọ́n fi ń ra epo, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Nítorí náà, bí iṣẹ́ ọkọ bá bàjẹ́, ọjà ìyàwó ló kọ́kọ́ ń rí i.

Ohun tó fa ìjà ni pé káfíńtà kan dá pákó mọ́kànlá padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orí ọ̀kan nípọn, ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àárín òmíràn rí kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko. Káfíńtà ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, mi ò lè fi èyí kan òrùlé onílé. Ẹ bá mi wá èyí tó gún." Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe ka owó padà fún un níṣojú àwọn onípákó ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú tì í.

Nígbà tó délé, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣéènì yẹn lọ sọ́dọ̀ apọ́nyùn. Èmi á fowó sí i."

Ọkọ fárígá. Ó ní, "Kí n máa fún ẹlòmíràn lówó nítorí ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe? Ṣebí fáìlì wà nílé. Olè ni gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń pọ́n ọn tó fi ń gba irú owó bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí sọ, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń sọ ọ́. Télọ̀ ń sọ ọ́ nípa ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe. Àwọn tó ń lọ ata ń sọ ọ́ nípa ẹni tó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Ìṣẹ́jú tí oníṣẹ́ lò ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ohun tí ẹ̀rọ tó kú ń jẹ lẹ́yìn wọn.

Ìyá Ìbejì kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà. Ó ní, "Ó dáa. Nígbà tí ṣéènì yìí wà ní tuntun, kẹ́ẹ̀gì epo kan ló ń la ìtì igi méjì. Nísinsìnyí, kẹ́ẹ̀gì kan kò la ẹyọ kan tán. Ṣé ẹ ò rí bí owó epo ṣe fò sókè láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni? Ẹ ń ṣọ́ owó apọ́nyùn, ẹ wá ń da owó epo sínú igbó. Ẹ tún fi pákó mọ́kànlá lé e. Nínú apọ́nyùn àti ṣéènì yín, èwo gan-an lolè?"

Bàbá Ìbejì kò rí èsì fọ̀. Ó tú ṣéènì, ó wé e sínú àpò, wọ́n jọ gba ọ̀dọ̀ apọ́nyùn lọ.

Àgbàlagbà ni apọ́nyùn náà. Ó ti ṣe dókítà ayùn ní sọ́míìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó mọ sọ́míìlì mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń pọ́n ayùn ńlá ibẹ̀ nìyẹn, nítorí ọjọ́ tí kò bá wá síbi iṣẹ́, ayùn á ṣàìsàn, gbogbo ọgbà á dákẹ́. Baba náà kò tíì fọwọ́ kan ṣéènì tó fi béèrè pé, "Bí ẹ bá ń gé igi níbùú, kí ló ń tú jáde, ṣé èérún igi ni àbí lẹ́búlẹ́bú?"

Bàbá Ìbejì ní, "Lẹ́búlẹ́bú ni, Baba. Bí èlùbọ́ ló rí."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ó ti parí. Ayùn tó mú, èérún ló ń bù. Èyí tó ti kú, ńṣe ló ń lọ igi bí ata. Ṣé ẹ tún ń fi àyà tì í kó tó wọlé? Ṣé èéfín ń jáde lára igi? Ṣé ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan?"

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Baba tẹ́ ṣéènì sórí tábìlì, ó pe Ìyá Ìbejì súnmọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé bí irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀ bá gùn ní ínṣì 20, ṣéènì rẹ̀ a máa ní eyín bíi 36. Méjìdínlógún ń kọjú sí ọ̀tún, méjìdínlógún ń kọjú sí òsì. Ti Bàbá Ìbejì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, eyín rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Eyín tó bá rọrùn fún ọwọ́ yẹn ló ń pọ́n dáadáa, ó kàn ń fi fáìlì ra ìyókù lára ni. Ló bá di pé eyín apá kan kúrú, ti apá kejì gùn. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ ni ayùn náà ṣe ń rìn nínú igi. Ibẹ̀ ni pákó kọ́lọkọ̀lọ ti wá.

Ohun kejì tún wà. Níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, irin kékeré kan yọ sókè bí òkìtì. Òun ló ń wọn iye igi tí eyín lè bù lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ relẹ̀ díẹ̀ sí eyín, kò sì tó mìlímítà kan rárá. Nǹkan bíi 0.65 mìlímítà ni ti ọ̀pọ̀ ṣéènì. Bí ẹ bá ń pọ́n eyín tí ẹ ò kan irin yìí, á ga ju bó ṣe yẹ lọ, eyín kò sì ní jẹ igi bó ti wù kó mú tó. Bí ẹ bá sì rẹ́ ẹ jù, eyín á bù ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ, á máa gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́ yín. Bí orí irin pẹlẹbẹ bá wá kan igi, ó lè ta padà sójú ẹni tó dì í mú kó tó ṣẹ́jú.

Ohun kẹta ni pé fáìlì ní ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ó ní bí wọ́n ṣe ń dá a. Fáìlì roboto ni. Ṣéènì tó kéré díẹ̀ ń lo èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 4.8, àwọn tó tóbi jù ú lọ ń lo 5.2 tàbí 5.5. Ṣéènì tí wọ́n fi ń gé igi níbùú, nǹkan bíi dígírì 30 ni wọ́n ń dá fáìlì rẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n fi ń la pákó, nǹkan bíi dígírì 10 ni. Ṣéènì kan ṣoṣo ni Bàbá Ìbejì fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì láti ọjọ́ yìí, fáìlì kan náà ló sì fi ń pọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí kì í ṣe àṣejù apọ́nyùn. Bí wọ́n ṣe dá ṣéènì òde òní gan-an nìyẹn. Ní ọdún 1946, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, rí ìdin kan tó ń jẹ igi. Ó wò ó fínnífínní. Ó rí i pé ìdin náà kì í họ igi síwájú tààrà. Òsì àti ọ̀tún ló ń gé e sí. Ọkùnrin yìí bá ṣe ṣéènì tí eyín rẹ̀ ń gé bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1947 ó ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe é tà. Ọgbọ́n kòkòrò ni gbogbo agégi ń jẹ títí dòní. Ẹni tó bá pọ́n ọ̀tún tó fi òsì sílẹ̀ ti sọ ọgbọ́n náà nù.

Bàbá Ìbejì ṣì ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ó ní lọ́dún tó kọjá òun gbé ṣéènì fún ẹnì kan, kò lò ju ọjọ́ méjì lọ tó tún kú. Baba gbà fún un. Ó ní òótọ́ ni, àwọn abaniṣẹ́jẹ́ wà nínú iṣẹ́ náà. Ó wá sọ bí èèyàn ṣe lè dá wọn mọ̀.

Èkíní, ẹ wo àwọ̀ eyín nígbà tí ẹ bá gbà á padà. Bí orí rẹ̀ bá dúdú tàbí tó rí bí aró, òkúta ẹ̀rọ ìpọ́n ti jó o. Irin tó bá jóná bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́.

Èkejì, ẹ wò ó bóyá gbogbo eyín dọ́gba. Apọ́nyùn gidi á wá eyín tó kúrú jù, á sì mú ìyókù bá a dọ́gba.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó rẹ́ eyín jù? Ẹni tó bá fi ìpọ́n kan ṣoṣo jẹ ìdajì eyín yín ti jẹ ìdajì ṣéènì yín.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ó bi yín léèrè bóyá gígé ni àbí lílà? Ẹni tí kò béèrè kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Baba tún ní kí agégi má rò pé ojoojúmọ́ lòun ń fẹ́ kó wá. Ẹ máa mú fáìlì lọ sígbó. Bí ẹ bá fẹ́ bu epo, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi fáìlì ra eyín kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí iye ti ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Ẹ má jẹ́ kí ṣéènì kan ilẹ̀. Yanrìn ìṣẹ́jú kan lè pa á. Ẹ ṣọ́ra fún ìṣó nínú igi ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ní ṣéènì méjì, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì wà lọ́dọ̀ apọ́nyùn. Bí ibi tó gùn jù lórí eyín bá ku mìlímítà 4, tàbí tó dé àmì tí wọ́n fín sí i, ẹ jù ú nù. Eyín tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lè já fò.

Bàbá Ìbejì ní, "Baba, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n owó yẹn ṣì pọ̀."

Baba kò dá a lóhùn. Ó kàn ká apá bùbá rẹ̀ òsì sókè. Àpá kan lọ láti èjìká dé ìgúnpá, ó nípọn bí okùn. Ó ní, "Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi náà pe apọ́nyùn lólè. Ṣéènì mi kú, mo ń fi àyà tì í, ó ti rẹ̀ mí, ló bá ta padà. Owó tí mo san nílé ìwòsàn, ẹ má wulẹ̀ béèrè."

Ìyá Ìbejì tú ìdí aṣọ, ó ka owó náà lé e lọ́wọ́ láìnájà. Ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Ìbejì ti igbó dé, èérún igi kún inú bàtà rẹ̀. Kò fi àyà ti nǹkan kan, epo sì ṣẹ́ kù sínú kẹ́ẹ̀gì. Káfíńtà tó dá pákó padà wá wò, ó fi ojú kan wo etí pákó, ó ní, "Èyí gún o!" Ó kó gbogbo rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Wọ́n tún ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin agégi, ẹ yéé fi àyà ti ayùn tó ti kú. Ẹ̀yin ìyàwó agégi àti ẹ̀yin onípákó, bí ẹ bá ń yọ owó àjọ, ẹ yọ ti apọ́nyùn sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Owó tí apọ́nyùn gbà yín lè kà á. Èyí tí ayùn tó kú ń gbà, ẹ ò ní rí i títí tó fi máa kan ara.