Ogun Ukraine àti Ìdájọ́ Àwọn Ará Ìjẹ̀bú-Òde

Láti ọjọ́ 24 oṣù Fẹ́búárì, 2022, tí àwọn ọmọ-ogun Rọ́ṣíà ti wọ ilẹ̀ Ukraine, ọ̀rọ̀ méjì ni àwa ń gbọ́ jùlọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà ṣe ní Ọjà Òkè-Ajé, ìbáà ṣe ní ìdíkọ̀. Àwọn kan wí pé ìjà òyìnbó àti òyìnbó kò kan aláwọ̀ dúdú. Àwọn mìíràn ń yin Rọ́ṣíà, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ẹnì kan dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ó wù wá kí á yẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, nítorí ó jọ wá lójú pé àwọn tí ń pariwo jùlọ ni wọ́n gbàgbé ìtàn ìlú ara wọn jùlọ.

Ẹni tí ó bá ní kò kàn wá, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì. Díẹ̀ kíún ni a ń gbìn nínú àlìkámà tí a ń jẹ ní Nàìjíríà. Òkè òkun ni ìyókù ti ń wá, Rọ́ṣíà àti Ukraine sì wà lára àwọn tí ń tà á fún ayé jùlọ. Bí ẹnì kan bá ní gàrí ni òun ń mu ní tòun, a ó dá a lóhùn pé ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń mu díísù, ọkọ̀ tí ń kó gàrí lọ sí Èkó náà sì ń mu ún. Ní oṣù Jánúárì, 2022, lítà díísù kan kò tó 300 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Júláì ọdún kan náà, ó ti kọjá 700. Àwa tí a ní kànga epo rọ̀bì ni a sì ń ra díísù lọ́wọ́ òkèèrè nígbà náà, bí ìyá tí ó ní igi ọ̀pẹ lẹ́hìnkùlé tí ó ń ra epo ní ṣíbí-ṣíbí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi Rọ́ṣíà; ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń yin Rọ́ṣíà ni ó dùn wá jù. Ìjẹ̀bú kọ́ ni ó yẹ kí ó pàtẹ́wọ́ fún alágbára tí ó fi ìbọn wọ ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ní oṣù Méè, 1892, nígbà tí Awùjalẹ̀ Túnwàṣe wà lórí ìtẹ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó, lábẹ́ Gómìnà Carter, rán Kọ́nẹ́lì Scott àti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ gba Ẹ̀pẹ́ wá bá wa. Kí ni wọ́n ní a ṣe? Wọ́n ní a di ọ̀nà òwò tí ó lọ sí òkè, a kò sì jẹ́ kí àjèjì kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni orí ilẹ̀ wa ni ọ̀nà náà wà. Àwọn bàbá wa ni alágbàtà láàrin etí òkun àti àwọn ìlú òkè, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹun. Ìbọn Maxim tí ń yìn láìsinmi ni a fi dá wọn lóhùn ní Ìmagbọn, kò sì pẹ́ tí ọmọ-ogun àjèjì fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Alágbára kì í ṣàìní àwáwí. Rọ́ṣíà náà ní tirẹ̀: ó ní NATO, ẹgbẹ́ ogun àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn, ń súnmọ́ ẹnu-ọ̀nà òun, ó sì ní ọ̀kan náà ni òun àti Ukraine. Àwa kò wí pé ẹ̀rù NATO kò ní ìdí kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀ ti dá Carter láre.

Ǹjẹ́ èyí ha sọ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn di aláìlẹ́bi bí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ogun náà dé, ìjọba wa sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ukraine tó 4,000, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n sá dé ìdí ọkọ̀ ojú irin àti ẹnu ibodè Poland, a sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró kí aláwọ̀ funfun kọ́kọ́ kọjá. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi ohùn síta ní ọjọ́ 28 oṣù Fẹ́búárì pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbáà ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Máàsì ni ọkọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́ kó díẹ̀ nínú wọn ti Romania dé Abuja. Ní ọjọ́ kan náà yìí ni Ìṣọ̀kan àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí àṣẹ pé kí á gba àwọn tí ń sá fún ogun náà, kí á fún wọn ní ibùgbé, iṣẹ́ àti ilé-ìwé. Àṣẹ dáradára ni, àwa kò sì ṣe ìlara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ukraine ni a kọ ọ́ fún, àti àwọn àlejò tí ó ti di onílé níbẹ̀. Ní ti ọmọ wa tí ó kàn ń kàwé lọ́hùn-ún, a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan, bí ó bá wù wọ́n.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1941, Churchill ti Gẹ̀ẹ́sì àti Roosevelt ti Amẹ́ríkà pàdé lórí omi, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde tí a ń pè ní Atlantic Charter, nínú èyí tí wọ́n ti wí pé olúkúlùkù ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí yóò máa gbé abẹ́ rẹ̀. Attlee, ọ̀kan nínú àwọn mínísítà Churchill, tilẹ̀ sọ fún WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní London ní 1925, pé ti gbogbo ẹ̀yà ni. Kò pé oṣù kan lẹ́hìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, tí Churchill dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Hitler tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni òun ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Nígbà ogun náà, àwọn ọmọ wa ń jà ní Burma, gàrí Ìjẹ̀bú ń bọ́ Èkó, Captain Pullen sì ń pàṣẹ fún àwọn obìnrin ọlọ́jà ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà á.

Àwọn bàbá wa kò tìtorí ìbínú lọ gbè sẹ́hìn Hitler. Wọ́n di ọ̀rọ̀ náà mú mọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ lọ́rùn. Ní oṣù Épírì, 1942, WASU béèrè pé kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ṣe àkóso ilé ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ṣèlérí òmìnira pátápátá láàrin ọdún 5 lẹ́hìn ogun. Ní 1943, Azikiwe àti àwọn oníwèé-ìròyìn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó dúró lórí Charter yìí kan náà lọ sí London. Àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó pẹ̀lú, tí Àlímọ̀tù Pẹ̀lẹ́wùrà ṣe olórí wọn, kò gba ti Pullen títí ètò náà fi wó ní 1945.

Ó jọ pé ọ̀nà yẹn ni Abuja ń tọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Máàsì, 2022, nígbà tí ó dìbò ní Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè pé kí Rọ́ṣíà jáde kúrò ní Ukraine. Orílẹ̀-èdè 141 ni ó wí bẹ́ẹ̀, 5 kọ̀, 35 fà sẹ́hìn, 17 nínú wọn sì jẹ́ ti Áfíríkà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Épírì, nígbà tí a fẹ́ dá Rọ́ṣíà dúró nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìjọba wa náà fà sẹ́hìn. Àwọn kan pe èyí ní ọgbọ́n. Lójú tiwa, ẹni tí ó ti sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní ìdí láti panu mọ́ lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá lẹ́hìn tí gbogbo ayé ti rí òkú àwọn ará ìlú ní Bucha.

Àwọn aṣojú Yúróòpù kò sì yé ráhùn lórí àwọn 17 náà. Kí á má bú wọn. Kí á fi àṣẹ ọjọ́ 4 oṣù Máàsì siwájú wọn, kí á bi wọ́n ní iye ilé-ìwé tí yóò gba àwọn ọmọ wa tí ó kúrò ní Ukraine láìparí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí àwọn òbí wọn sì ti san owó wọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún.