Oríyìn fún Ẹni Tó Ń Wọn Omi

Ìgò oníke kan wà lórí tábìlì nínú ilé kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ìyá tó wà nílé náà ti fi bírò pupa fa ìlà mẹ́rin sí i lára. Lítà omi kan ló wà níbẹ̀, òun náà sì ni gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, títí kan èyí tí yóò fi lo oògùn. Bó bá mu ẹ̀kọ gbígbóná, ìyá á yọ iye rẹ̀ kúrò nínú ìgò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé ìgò sókè, á ní, "Bàbá wọn, ó ku ìlà kan o." Bàbá á ní, "Ìyá wọn, ojú ẹ mà le o!" Wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti lo ọ̀gbẹlẹ̀ Òkè-Ògùn rí, tó mọ bí ooru oṣù Ẹrẹ̀nà ṣe ń gbẹni lọ́fun, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín bàbá yìí jẹ́. Omi tó bá mu kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ara ló ń jókòó sí: ẹsẹ̀ á wú, èémí á há. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù tó gbójú lé. Bó ṣe yẹ kó rí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀; ẹ̀rọ mú 12. Ta ló ni 156 tó kù? Owó kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn ilẹ̀ yìí lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ti ẹni tó wà nílé tún ń pọ̀ sí i ni. Òun la kọ oríyìn yìí fún.

Dókítà ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ ní apá òsì bàbá, kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lè ríbi wọlé. Ibẹ̀ a máa gbọ̀n, bí ìgbà tí oyin há sínú akèrègbè. Kí ìyá tó bọ́jú láàárọ̀, ìka méjì ló ń kọ́kọ́ gbé lé e. Bí oyin bá ń kùn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí kò bá kùn, ọ̀nà Ìbàdàn yá, lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣu ńkọ́? Á gé e wẹ́wẹ́, á bọ̀ ọ́, á da omi rẹ̀ nù, á tún fi omi mìíràn bọ̀ ọ́, torí potásíọ̀mù inú iṣu lè dá ọkàn ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ dúró. Ní ti iyọ̀, gbogbo ilé ló jọ ń jẹ ọbẹ̀ títẹ́ báyìí, kí bàbá má baà dá nìkan jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ń kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Iṣẹ́ ará ilé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1964, ní Seattle, Boston àti London, àwọn dókítà gbé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọlé aláìsàn, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé wọn bí a ti ń lò ó. Ní 1976, àwọn onímọ̀ méjì, Popovich àti Moncrief, ní Texas fi hàn pé awọ inú ikùn lè ṣe iṣẹ́ náà: omi oògùn bíi lítà méjì ni wọ́n ń rọ sínú ikùn, tí wọ́n á tún fà jáde, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, láìlo iná mànàmáná. Ìyá tó ń wọn omi yìí ì bá mọ̀ ọ́n ṣe ju nọ́ọ̀sì mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń kó omi oògùn náà wá, owó rẹ̀ sì ga ju apá tálákà lọ. Ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó ni fífọ ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1981, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, ìlú ńláńlá ló ṣì pọ̀ sí.

Ìdí nìyí tí tọkọtaya yìí fi ń jí lóru, tí wọ́n ń gba Ṣakí, tí wọ́n ń gba Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n tó já sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ìrìn tó ju kìlómítà 150 lọ. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. A dúpẹ́. Owó ọkọ̀ kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Bàbá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìyá á wà lórí bẹ́ǹṣì níta, fáìlì lórí itan, ìró kan nínú báàgì, torí òtútù máa ń mú bàbá bó bá sọ̀ kalẹ̀.

A tún mọ àwọn ọkọ tó ń ṣe irú èyí fún ìyàwó wọn, tí wọ́n ń ṣe é láìka ẹ̀sín ẹgbẹ́ sí. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin. Yorùbá ní kíkí fún ìnáwó, fún òjò, fún ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká fi kan kún un: ẹ kú ìwọ̀n omi.

Ohun tó sì ń dun ìyá yìí jù kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Mọ̀lẹ́bí kan wá kí wọn, ó bu ife omi tútù kún dẹ́nu fún bàbá, ìyá sì gbà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ọ̀rọ̀ ládùúgbò pé ó ń fi omi du ọkọ rẹ̀. Kò fèsì. Òun fúnra rẹ̀, bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ mu omi.