Ṣíṣe ilẹ̀kùn lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í ṣe ìnákúnàá

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ ìyá kan nínú wa gbé màmá wọn wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí omi ní Amẹ́ríkà láti fi ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún rẹ̀. Fọ́tò dé, gbogbo wa rí i. Ilẹ̀kùn yàrá màmá nínú ọkọ̀ ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́: fọ́tò màmá pẹ̀lú gèlè aṣọ òkè, orúkọ oríkì rẹ̀, àti òdòdó kéékèèké yí i ká. Kíá ni ariwo sọ. Àwọn kan ní ìnákúnàá ni. Àwọn kan ní àṣehàn ni. Ẹnì kan ní kí ló kan ilẹ̀kùn tí èèyàn máa lò fún ọjọ́ 7 péré, tó sì jẹ́ ti oníǹkan.

Èmi ò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni mò ń tà. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ta ilẹ̀kùn onírin, kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ní Sábọ̀n Gàrí níbí. Ìwé tí mo kà ò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, n ò sì tíì wọ irú ọkọ̀ yẹn rí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Tèmi ni pé ohun tí àwọn ọmọ yẹn ṣe dára, ó sì mọ́gbọ́n wá, tí wọ́n bá ti ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Kì í ṣe “cruise” tí àwọn ọmọ wa ń “catch” lórí fóònù o. Ọkọ̀ gidi ni. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, ti iléeṣẹ́ Royal Caribbean, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Miami ní oṣù January 2024. Ó gùn tó mítà 365, àjà rẹ̀ jẹ́ 20, yàrá èrò inú rẹ̀ lé ní 2,800, ó sì lè gba èrò tó lé ní 7,000, láìka àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọn. Ìlú kan ni, kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Àwọn ará wa tó wà ní Houston sábà máa ń wọ tiwọn ní Galveston, àwọn tó wà ní Ìlú Ọba ń wọ̀ ọ́ ní Southampton.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gùn lọ gbọọrọ, ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn lósì. Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí mọ ohun tí mò ń wí. Àmọ́ nínú tiwa, ilẹ̀kùn Ìyá Bọ́sẹ̀ ní kọ́tìnnì pupa, ti Bàbá Sùlè ní bùtà níwájú, ti Chinedu ní stíkà ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn ò lè ṣìnà. Nínú ọkọ̀ yìí, bákan náà ni gbogbo ilẹ̀kùn rí: àwọ̀ kan, ìga kan, nọ́ńbà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, wọ́n ya ẹja sára kápẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí ẹja bá kọjú sí, iwájú ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ni ọkọ̀ gan-an mọ̀ pé èèyàn ń ṣìnà níbẹ̀.

Ẹ wá fi màmá 70 ọdún síbẹ̀, tí kò ka ìwé, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, tí kò gbọ́ òyìnbó tó máa fi béèrè ọ̀nà. Ó jáde lọ jẹun, ó ń padà bọ̀. Ṣé nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ fẹ́ kó máa há sórí ni? Ṣùgbọ́n tó bá rí ojú ara rẹ̀ àti gèlè rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó ti délé nìyẹn. Ọ̀ṣọ́ yẹn ò ṣe fún ẹwà nìkan. Ohun tí màmá fi ń mọ ilé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọmọ kékeré tí kò tíì mọ nọ́ńbà dáadáa.

Àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é nìyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti ọdún Kérésì. Nínú àwọn ọkọ̀ Disney, irin kan tó rí bí ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá. Àwọn èrò a máa rán àpò aṣọ tí wọ́n ń gbé kọ́ irin yẹn, wọn á sì máa fi ẹ̀bùn kéékèèké sínú àpò ara wọn láti yàrá dé yàrá. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí á di ọ̀rẹ́ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ṣé èyí ò jọ bí a ṣe ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ fún aládùúgbò lọ́jọ́ ọdún? Kò sí ohun tó jẹ́ àjèjì níbẹ̀ fún Yorùbá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé lọ́dọ̀ òyìnbó la ti kọ́ pé ilẹ̀kùn ṣeé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba sí i lórí ìtẹ́, ó tún gbẹ́ òyìnbó ìjọba tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá kí ọba. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní London. Nígbà tí British Museum fẹ́ gbà á, ọba kò tà á lówó. Àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló gbà dípò rẹ̀. Ẹ dé inú Bírnì Kánò níbí náà, ẹ wo iwájú àwọn ilé àtijọ́, ẹ wo ọnà tí àwọn Haúsá fi sí ara ògiri. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà òun sọ ẹni tí òun jẹ́.

Ní ti ìnákúnàá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Owó ọkọ̀ àti owó báàlù ni owó ńlá níbẹ̀, ti ilẹ̀kùn ò tó nǹkan. Àwa tí à ń tẹ fọ́tò òkú sára ike, sára tówẹ̀lì, sára jọ́ọ̀gì, tí a fi ń pín fún ẹni tí kò mọ òkú náà rí, ṣé àwa ló yẹ ká máa dá ọmọ lẹ́jọ́ nítorí bébà fọ́tò mẹ́ta? Màmá yẹn wà láàyè, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Èmi ò rí èyí tó dùn ju ìyẹn lọ.

Síbẹ̀, ká ró aṣọ kò tó ká mọ aṣọ ró. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa nìyí, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra àtigbé yín lọ.

Àkọ́kọ́, òòfà ni kí ẹ lò, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn àti ògiri yàrá inú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ló jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ níta, tí wọ́n sì ki òwú òkúta tí iná kì í jó sí wọn nínú. Òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, tí ẹ bá sì yọ ọ́, kò sí àpá. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù, ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Èmi tí mò ń ta ilẹ̀kùn mọ ohun tí gọ́ọ̀mù ń ṣe fún ọ̀dà: ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọ́ ló ń bá ọ̀dà bọ̀, irin á ṣí sílẹ̀, kò ní í pẹ́ dógùn-ún. Nínú ọkọ̀, owó àtúnṣe lè bọ́ sí ọrùn ẹni tó bá ṣe é.

Èkejì, ẹ má fi ohunkóhun kọ́ orí ilẹ̀kùn tí kò ní í jẹ́ kó pa dé. Òfin òkun ní kí ilẹ̀kùn yàrá máa pa ara rẹ̀ dé, nítorí iná ni. Lẹ́yìn tí Titanic rì ní 1912, àwọn orílẹ̀-èdè jókòó ní London, wọ́n sì fọwọ́ sí òfin ààbò ẹ̀mí lórí òkun ní 1914. SOLAS ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tún un ṣe títí dòní. Iná ló kọ́ wọn ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1934, ọkọ̀ Morro Castle jóná lẹ́bàá New Jersey, igi àti ọ̀dà inú rẹ̀ bá iná ṣe é, èèyàn tó lé ní 130 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù March 2006, iná sọ ní bákónì ọkọ̀ Star Princess bó ṣe ń lọ sí Jàmáíkà. Ike tí wọ́n fi pín bákónì ran iná lọ́wọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá bàjẹ́, ẹnì kan sì kú. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lórí ilẹ̀ nìyẹn o. Ọkọ̀ tó bá jó láàrin òkun, ibo ni èrò inú rẹ̀ fẹ́ sá sí?

Nítorí náà, kò sí gílóòbù títàn lára ilẹ̀kùn, kò sí àbẹ́là, kò sí aṣọ gígùn tó ń wọ́ dé ilẹ̀. Ìwọ̀nba fọ́tò àti bébà díẹ̀ ti tó. Ẹ má bo nọ́ńbà yàrá, torí pé lọ́jọ́ wàhálà, nọ́ńbà yẹn ni òṣìṣẹ́ máa fi wá yín. Kí ẹ tó ra ohunkóhun rárá, ẹ ní kí ọmọ yín ka ìlànà iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀, torí pé ohun tí èyí gbà láàyè, òmíràn lè kọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Oríkì màmá lára ilẹ̀kùn ò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ orúkọ ọmọdé lódindi síta, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá mọ̀ pé ọmọ báyìí ń sùn níbí, n ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ ọmọ ti rí ọ̀nà tó máa fi pè é. Èyí tó tún burú jù ni kí ẹ ya ilẹ̀kùn pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá, kí ẹ gbé e sórí Facebook nígbà tí ẹ ṣì wà lórí omi, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ilé yín ní Kánò ṣófo. Mo ń ta àgádágodo, àmọ́ kò sí àgádágodo tó lè dáàbò bo ilé tí ẹni tó ni ín ti kéde pé kò séèyàn níbẹ̀. Ẹ gbádùn tán, ẹ délé tán, kí ẹ tó gbé fọ́tò síta.

Mo tún gbọ́ pé tí wọ́n bá gbé àwòrán ọ̀pẹ̀yìnbó dorí kodò sára ilẹ̀kùn, àwọn kan nínú ọkọ̀ máa ń kà á sí àmì pé tọkọtaya inú yàrá yẹn ń wá tọkọtaya mìíràn tí wọ́n máa jọ ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀pẹ̀yìnbó sílẹ̀. Gèlè ti tó.

Ìdí tí mo fi sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú ìwé wa ni pé ó kan àwa náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà ní òkè ọya ló ń gbé lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwa. Mo ti rí ayálégbé tó kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn onílé, tó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i pẹ̀lú ọ̀dà, tí ìjà fi dé. Mo tún rí àwọn tó gbé ilé fún 30 ọdún láìsí ohun kan lẹ́nu ọ̀nà wọn tàbí nínú pálọ̀ wọn tó fi hàn pé Yorùbá ni wọ́n. Ọmọ wọn ò mọ oríkì, kò mọ ìlú bàbá rẹ̀, ó kàn mọ̀ pé “wọ́n ní Ọ̀ṣun ni wá.” Méjèèjì ò dáa. Ẹni tó ń gbé ní ìlú onílùú lè fi ara rẹ̀ hàn láìba nǹkan onílé jẹ́. Ká jẹ́ òòfà, ká má jẹ́ ìṣó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bú àwọn ọmọ yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi lo yàrá yẹn, síbẹ̀ wọ́n rántí pé kí màmá wọn rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwa tí a ti lo 30 ọdún, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀kùn tiwa lálẹ́ òní, ká wo ohun tó wà níbẹ̀ tí ọmọ wa lè fi mọlé.

Èrò tèmi nìyẹn o. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a ó gbọ́.