Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: KÍ YUNIFÁSÍTÌ PẸ̀LÚ JẸ NÍNÚ OGÚN WA

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó létí yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ni. Ohun tí a ń wí ni pé kí òṣìṣẹ́ tí ó bá ń kọ ìwé ìhágún rẹ̀ ya ìpín kékeré kan sọ́tọ̀ fún yunifásítì tí ó ń ṣe ìwádìí.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kan òṣìṣẹ́ nínú ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí a wo oúnjẹ tí a ń jẹ. Ní àwọn ọdún 1960, àìsàn kan ń bá àwọn ènìyàn jà ní àgbègbè Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ wọn ń kú, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí wọn ń di. Ó rọrùn láti sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n Dókítà Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn náà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, lọ bá wọn ní abúlé, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì yẹ oúnjẹ wọn wò. Ibi tí wọ́n tọ ọ̀rọ̀ náà dé ni májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, tí tálákà ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran tàbí ẹja tí ó tó. Ta ló ń jẹ gàárì jù ní ìlú yìí bí kì í ṣe àwa?

Ìwádìí mìíràn ṣì wà níwájú tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Eruku òwú ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ jẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ń di etí. Èéfín dísù ń wọ àyà dírẹ́bà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́ láti bèèrè ohun ìbòmú àti ìbòtí, wọn a ní kí a mú ẹ̀rí wá. Yunifásítì ni a ti ń rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ ìjọba ni láti bọ́ yunifásítì. Òótọ́ ni. Láti Oṣù Kejì títí di Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀, owó àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Àwa tí a mọ ohun tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ jẹ́ kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀bùn wa kò pa gbèsè ìjọba rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu láti béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ẹ má sọ pé owó wa kéré. Ní ìlú Hattiesburg, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, alágbàfọ̀ kan wà, aláwọ̀ dúdú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oseola McCarty. Kíláàsì kẹfà ni ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti tọ́jú ẹbí rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó fọ aṣọ, ó sì lọ aṣọ, fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún, ó sì ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ sí báńkì. Nígbà tí ó tó àkókò láti pín in, òṣìṣẹ́ báńkì kó owó ẹyọ mẹ́wàá síwájú rẹ̀ pé kí ó fi júwe ìpín. Ó mú ẹyọ kan fún ìjọ rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta, ó sì mú mẹ́fà fún yunifásítì ìlú rẹ̀, University of Southern Mississippi. Ní 1995 ni a kéde rẹ̀: nǹkan bí 150,000 dọ́là, kí wọ́n fi ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́. Yunifásítì náà kò gba aláwọ̀ dúdú kankan wọlé títí di 1965. Màmá náà kú ní 1999, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ níbẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe yan yunifásítì? Ẹ má wo ọ̀dà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ má sì wo bí orúkọ rẹ̀ ti ń dún tó lórí rédíò. Èkíní, ẹ béèrè iṣẹ́ ìwádìí tí ó ti ṣe, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún yín. Èkejì, ẹ béèrè bóyá ó ní àpò ẹ̀bùn tí ó dá dúró, tí a kì í fi ra epo jẹnẹrétọ̀, tí olùyẹ̀wé owó sì ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bóyá ọmọ òṣìṣẹ́ ń rí àyè níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ mú èyí tí ojú wa lè tó. Ìbàdàn ti wà láti 1948. Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, àti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní 1962. A kò yan ọ̀kan fún yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ dárúkọ ẹ̀ka kan àti iṣẹ́ kan, bí àpẹẹrẹ, àìsàn tí iṣẹ́ ń fà. Owó tí a kò so mọ́ iṣẹ́ kan, ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìwé náà mọ́. Kíkọ ìwé ìhágún kì í pa ènìyàn; àìkọ ọ́ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ. Orúkọ tí a kọ sí fọ́ọ̀mù níbi iṣẹ́ pé òun ni ó sún mọ́ wa jù kì í ṣe ìwé ìhágún. Ẹlẹ́rìí méjì ni kí ó jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí tàbí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ má sì jẹ́ ẹni tí yóò jẹ nínú ogún náà. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe tiwa láti fi tọrẹ. Ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tí ó sì fẹ́ tẹ̀lé òfin ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ ìpín, ẹ má kọ iye owó. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú náírà ti rí. Iye tí ó tó kọ́ ilé lónìí lè má tó ra bàtà lọ́la, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá yóò máa jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá.

A kò ní kí ẹ fi ebi pa ọmọ yín. Tiwọn ni kí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ló wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé nìkan kọ́ ni ogún.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, a ó gbé àbá kalẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ pe lọ́yà kan wá láti ṣàlàyé ìwé ìhágún fún gbogbo wa, kí a sì yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò lọ fi ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí síwájú àwọn yunifásítì. Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí a jọ jiyàn rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.